Àwa tí agbára wa ò dọ́gba lórí yìnyín: ibo ni ká wọ̀ sí ní ibùdó ski?

Olórí Ọ̀wọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa mẹ́sàn-án la fẹ́ jọ lọ ṣe ski, ìyẹn fífi pátákó tóóró méjì yọ̀ lórí yìnyín, lórí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn ti ń ṣe é tipẹ́, kò sí ọ̀nà dúdú, èyí tó le jù, tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Èmi àti ọkọ mi wà láàárín: ọ̀nà búlúù rọ̀ wá lọ́rùn, a sì lè gba pupa bí yìnyín bá dára. Àbúrò mi obìnrin ò wọ ski rí, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọmọ mẹ́ta ló ń bá wa lọ. Àwọn méjì ti ń di géńdé, eré sísá ni tiwọn. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Màmá wa náà ń bọ̀, àmọ́ wọn ò ní wọ ski, orúnkún ń dà wọ́n láàmú.

Mo ti wo ilé títí ojú fi ń dùn mí. Kò sí èyí tí kò sọ pé òun "sún mọ́ lífìtì", ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká lọ síbi tó ga jù, tí wọ́n á ti jí bọ́ sórí òkè. Màmá fẹ́ ìlú tó ní ìlú nínú, ibi tí wọ́n ti lè rìn, kí wọ́n rí èèyàn. Ta ni ká tẹ̀ lé? Kí sì ni ẹ̀yin máa ń wò kí ẹ tó sanwó ilé?

Bàbá Olókè

Ẹ kú ètò o, mà. Èmi ò ní fi ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù yan ilé láé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kéré jù ni kí ẹ fi yàn án. Ibi yòówù kí ẹ fi ẹ̀gbọ́n yín wọ̀ sí, wọ́n á gun lífìtì, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dé ibi tí ọkàn wọn fẹ́. Kí wọ́n rìn díẹ̀ tàbí kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ò ní ba ọjọ́ wọn jẹ́.

Ti àbúrò yín yàtọ̀. Bàtà ski kì í jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ tẹ̀, gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ ń balẹ̀. Ojú ọ̀nà ti dì láàárọ̀, ó ń yọ̀. Ski ń yẹ̀ kúrò léjìká, ọ̀pá ń já bọ́, ìbọ̀wọ́ ò jẹ́ kó lè dì wọ́n mú. Ẹni tó bá rin irinwó mítà báyìí kó tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, òógùn ti bò ó lábẹ́ aṣọ òtútù, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Tó bá wá dúró jẹ́ẹ́ kó gbọ́ àlàyé, òógùn náà á wá tutù sí i lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àwọn ò fẹ́ràn ski, òwúrọ̀ báyìí ni wọ́n kórìíra.

Nítorí náà, ibi mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ìka tọ́ lórí máàpù kí ẹ tó wo ilé kankan: ibi tí ilé ẹ̀kọ́ ski ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láàárọ̀, ibi pẹrẹsẹ tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti ń yọ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wálé nírọ̀lẹ́. Àwọn ibùdó kan wà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìnnà síra wọn.

Ẹ wo Val d'Isère ní ilẹ̀ Faransé. Àárín ìlú gan-an ni ibi ìkọ́ṣẹ́ wà, ọ̀fẹ́ sì ni lífìtì kéékèèké ibẹ̀. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kúrò níbẹ̀, òkè Solaise ló ti máa rí àwọn ọ̀nà aláwọ̀ ewé tó dára, àwọn ọ̀nà tó sì sọ̀ kalẹ̀ padà sí ìlú le gan-an. Ọ̀kan nínú wọn, Face de Bellevarde, ni wọ́n fi sáré ìdíje àwọn ọkùnrin nígbà Òlíḿpíìkì 1992. Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ gọ́ńdólà, lífìtì oníyàrá tó ń rìn lórí wáyà, gòkè, kó ṣeré lókè, kó sì tún wọ gọ́ńdólà sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kàn ní láti wọ̀ sí ilé tó sún mọ́ ẹsẹ̀ gọ́ńdólà yẹn ni.

Ti Alpe d'Huez, ní Faransé náà, yàtọ̀. Ilẹ̀ gbalaja tó tẹ́jú ló wà lókè ìlú níbẹ̀, ọ̀nà aláwọ̀ ewé pọ̀ lórí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè yọ̀ wálé fúnra rẹ̀. Láti ìlú kan náà, ẹ̀gbọ́n yín lè gun Pic Blanc tó ga ju 3,300 mítà lọ, kí wọ́n sì gba Sarenne, ọ̀nà dúdú tó gùn tó kìlómítà 16, sọ̀ kalẹ̀. Irú ibùdó báyìí ni mo máa ń wá fún ọ̀wọ́ tí agbára wọn ò dọ́gba.

Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́. Ní Faransé, àwọ̀ mẹ́rin ni, láti èyí tó rọrùn jù dé èyí tó le jù: ewé, búlúù, pupa, dúdú. Ní Austríà, Swítsálándì àti Ítálì, búlúù ló sábà máa ń rọrùn jù lórí máàpù. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àmì róbótó aláwọ̀ ewé ló rọrùn jù, lẹ́yìn rẹ̀ àmì onígun mẹ́rin búlúù, lẹ́yìn ìyẹn dáyámọ́ńdì dúdú. Kò sí pupa níbẹ̀ rárá. Ìlànà Austríà ni pé ọ̀nà búlúù kò gbọdọ̀ dagẹ̀rẹ́ ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àfi níbi kúkúrú. Síbẹ̀ ẹni tó bá mọ St Anton mọ̀ pé búlúù ibẹ̀ lè ni ẹni tuntun lára, pàápàá nírọ̀lẹ́ tí gbogbo èrò bá ń wálé lójú ọ̀nà kan náà tí yìnyín sì ti di òkìtì òkìtì. Tí ẹ bá wọ̀ sí St Anton pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, apá Nasserein ni kí ẹ wò, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rọlẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Mo fara mọ́ Bàbá Olókè pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọ ọdún mẹ́fà kún un, torí ọmọ ló ń pinnu bí ọjọ́ gbogbo ilé ṣe máa rí.

Kíláàsì àwọn ọmọdé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ wọ aṣọ inú fún un, ẹ wọ aṣọ òtútù lé e, ẹ kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà ski, ẹ dé akoto fún un. Ẹ dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ tún un wọ̀. Ẹ dé kíláàsì, ìbọ̀wọ́ kan ti ṣẹ́ kù sílé. Tí ilé bá wà níwọ̀n ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnì kan á sáré lọ mú un. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì lẹ wọ̀ débẹ̀, ọmọ yẹn ò ní ṣe kíláàsì lọ́jọ́ náà, nítorí ọwọ́ ọmọdé ò ṣeé fi sílẹ̀ lásán nínú òtútù.

Ẹ ronú sí ọ̀sán náà. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ọmọdé ń parí lọ́sàn-án, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti gbà á. Tí ilé bá sún mọ́ ibẹ̀, ẹ lè pín in ṣe: ẹ̀yin lónìí, ọkọ yín lọ́la, ẹ̀gbọ́n yín lọ́túnla. Màmá náà lè gbà á tí ọ̀nà ò bá yọ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ àwọn ìyá àgbà. Tí ilé bá jìnnà, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa ṣe é lójoojúmọ́, ìyá ọmọ ló sì máa ń jẹ́. Mo rí i tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin, kò sì tọ́. Àwọn náà sanwó ìsinmi.

Ibi tí mo nífẹ̀ẹ́ jù fún ọmọdé ni Avoriaz ní Faransé. Ó ga tó 1,800 mítà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í wọ inú rẹ̀, yìnyín ló bo àwọn títì láàárín ilé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, Village des Enfants, tí Annie Famose tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Òlíḿpíìkì 1968 dá sílẹ̀, wà láàárín ìlú gan-an. Àwọn tó ń sáré náà ò ní kùn, torí Portes du Soleil so ibùdó méjìlá pọ̀ ní Faransé àti Swítsálándì. Ohun tí ẹ máa wò níbẹ̀ ni pé ìlú náà dagẹ̀rẹ́. Ẹ bi onílé bóyá lífìtì inú ilé tó wà nítòsí máa gbé Màmá dé ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà.

Serfaus ní Austríà náà dára fún ọmọdé. Ọkọ̀ ojú irin kan ń gba abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láti 1985, ọ̀fẹ́ ni, ó ń la ìlú já dé ẹsẹ̀ lífìtì. Ní irú ibẹ̀, kí ilé jìnnà díẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dunni.

Ọ̀nà Dúdú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu àwọn tó ń sáré sọ̀rọ̀. Mo gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ká fi yan ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òun nìkan yan òkè. Tí ẹ bá kó gbogbo wa lọ sórí òkè kékeré tó ní lífìtì mẹ́rin péré, ní ọjọ́ kẹta ẹ̀gbọ́n yín á ti wọ ọkọ̀ lọ sí òkè mìíràn, ẹ ò sì ní rí wọn mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí ẹ ń wá ni òkè ńlá tó ní igun kan tó rọlẹ̀. Igun yẹn ni kí ẹ wọ̀ sí.

Courchevel ní Faransé fi hàn dáadáa. Abúlé mẹ́rin ló wà níbẹ̀ ní gíga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Le Praz ní 1,300 mítà, Courchevel Village ní 1,550, Moriond ní 1,650, àti èyí tí wọ́n ń pè ní 1850. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, òkè kan náà, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò rí bákan náà nínú wọn. Moriond ní ọ̀nà tó rọ̀ tó sì gbòòrò lókè rẹ̀, kì í sì kún bí 1850. Ẹni tó bá wọ̀ sí Le Praz á máa wọ gọ́ńdólà gòkè láàárọ̀, gọ́ńdólà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ á máa wọ̀ wálé. Láti ibikíbi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà ní Les 3 Vallées, àwọn ibùdó tó so pọ̀, níwájú rẹ̀, ọ̀nà tó tó kìlómítà 600.

Les Arcs àti La Plagne ní Faransé náà nìyẹn. Láti 2003 ni ọkọ̀ orí wáyà tí wọ́n ń pè ní Vanoise Express ti so wọ́n pọ̀ kọjá àfonífojì. Ẹ lè wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn, kí àwọn tó ń sáré sọdá lọ lo gbogbo ọjọ́ ní ìkejì. Ní Kánádà, Whistler ni mo máa sọ fún irú ọ̀wọ́ yín, torí ọ̀nà aláwọ̀ ewé wà láti òkè sísọ̀ wá sílẹ̀ lórí òkè méjèèjì. Láti 2008 ni gọ́ńdólà Peak 2 Peak ti ń gbé èèyàn láti Whistler lọ sí Blackcomb, kìlómítà 4.4, ní ìṣẹ́jú 11. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè dé òkè téńté kó rí ohun tí àwọn yòókù ń rí. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Kò dára kí ẹnì kan lo ọ̀sẹ̀ kan lórí òkè kó má kúrò ní ìsàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ ti máa jọ jẹun ọ̀sán. Ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí gọ́ńdólà, tí ọ̀nà ewé tàbí búlúù gba iwájú rẹ̀ kọjá, tí ọ̀nà pupa náà sì já sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á débẹ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn tó ń sáré á débẹ̀ láti òkè, ẹni tí kò wọ ski á wọ gọ́ńdólà wá. Tí ẹ ò bá rí irú ibẹ̀ lórí máàpù, ẹ lọ wo ibùdó mìíràn.

Lórí tíkẹ́ẹ̀tì: kì í ṣe gbogbo yín ló nílò èyí tó kárí gbogbo òkè. Àbúrò yín àti ọmọ kékeré ò ní kúrò ní ibi ìkọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá lífìtì ibẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kékeré fún un, kí ẹ tó ra ńlá fún ẹni mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan.

Arìnfẹsẹ̀

Ẹ kú àpérò o. Èmi kì í wọ ski, àmọ́ mo máa ń bá àwọn ẹbí mi lọ, inú mi sì máa ń dùn níbẹ̀ tí a bá yan ibi tó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá.

Àwọn ibùdó gíga tí wọ́n kọ́ torí ski nìkan rọrùn fún gbogbo èèyàn àfi ẹni tí kò ṣe ski. Ilé kò ju díẹ̀ lọ, yìnyín ló bo ilẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n lè rìn lọ ju iwájú ilé lọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n á ti wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù tán. Val Thorens ga tó 2,300 mítà, kò sí ibùdó ski tó ga tó o ní Yúróòpù. Yìnyín ibẹ̀ dájú, ẹ̀gbọ́n yín á fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí igi lókè yẹn. Tí ìkùukùu bá bolẹ̀, ilẹ̀ àti ojú ọ̀run á di funfun kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní mọ ibi tí òun ń lọ. Ní irú gíga bẹ́ẹ̀ náà, àwọn kan kì í sùn dáadáa ní òru àkọ́kọ́, mímí á máa yá. Tí àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró bá wà lára àgbà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí mo máa ń wá ni ìlú tó ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀, odò ìwẹ̀ inú ilé, àti gọ́ńdólà tó ń gba ẹni tí kò wọ ski lálọ àtàbọ̀. Ẹ bèèrè ìkẹyìn yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ibùdó ní tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lífìtì oníjòkòó ni kì í gbé ẹlẹ́sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Zermatt ní Swítsálándì dùn fún wa. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í wọ̀ ọ́, ní Täsch ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ ojú irin mìíràn tún wà tó ń gbé èèyàn gun òkè Gornergrat tó ga ju 3,000 mítà lọ, ẹni tí kò wọ ski á jókòó wo òkè Matterhorn láti fèrèsé. Àmọ́ fún ọ̀wọ́ yín, ẹ ṣọ́ ibi tí ilé wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lífìtì mẹ́ta tó gbé èèyàn lọ sí apá mẹ́ta òkè ò sí lójú kan. Ọ̀kan wà ní ìpẹ̀kun ìlú, ó jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ibi ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọmọdé wà ní apá Sunnegga. Ẹ wọ̀ sí tòsí ibẹ̀.

Orúnkún Màmá: ẹ má gba ilé tó ní àtẹ̀gùn níta. Àtẹ̀gùn onírin tàbí onígi tí yìnyín ti dì lé lórí burú fún orúnkún ju òkè lọ.

Pátákó Kan

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn, ṣé ski ni wọ́n ń wọ̀ ni àbí pátákó kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń wà lórí rẹ̀ (snowboard)? Tó bá jẹ́ pátákó, ọ̀nà pẹrẹsẹ ni ọ̀tá wa. Ẹni tó wọ ski á fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ lọ; àwa á tú ẹsẹ̀ kan, a ó máa fò lọ lẹ́sẹ̀ kan. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n ní ẹ lè "yọ̀ dé ẹnu ọ̀nà", òótọ́ sì ni, àmọ́ ọ̀nà tóóró tó tẹ́jú ni, ó sì gùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ náà kì í fẹ́ràn ọ̀nà tóóró, torí kò sí àyè láti yí, àwọn mìíràn á sì máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bákan náà, ẹ wò bóyá lífìtì tó ń fa èèyàn nílẹ̀ nìkan ló tinú abúlé jáde. Oníjòkòó tàbí gọ́ńdólà ló sàn fún wa.

Olórí Ọ̀wọ́

Olúwa á san yín lẹ́san. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín han ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbà pé àbúrò wa ni ká fi yan ilé. Pátákó ni ọmọkùnrin ń lò, ski ni obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tún ń dárúkọ Chamonix ní Faransé, wọ́n ní ìlú gidi ni, Màmá á gbádùn rẹ̀. Mo tún rí ilé kan níbòmíràn tó sọ pé lífìtì ò jìnnà sí òun ju 150 mítà lọ. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Olókè

Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìlú. Chamonix dára fún Màmá, ó sì dára fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yin tó wà láàárín ló máa fara gbá a. Ọ̀pọ̀ òkè ibẹ̀ ò so pọ̀. Les Houches wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, Brévent àti Flégère wà lókè ìlú, Grands Montets wà ní Argentière, Le Tour wà ní òkè àfonífojì pátápátá. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé èèyàn káàkiri. Le Tour tàbí Les Houches ni àbúrò yín á lọ, Grands Montets ni ẹ̀gbọ́n yín á lọ, ẹ ò sì ní jọ jẹun ọ̀sán. Tó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń lọ, mi ò ní sọ nǹkan kan. Fún ẹni mẹ́sàn-án yìí, èmi ò gbà á nímọ̀ràn.

Ní ti ilé onímítà 150: ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ. Lífìtì wo? Lífìtì tó gbé èèyàn lọ sí ọ̀nà pupa kò wúlò fún àbúrò yín bó bá tiẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà. 150 mítà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni àbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ẹ kọ̀wé sí onílé, ẹ bi í ní orúkọ lífìtì náà àti orúkọ ọ̀nà tó padà wá sí ilé, kí ẹ wá wá orúkọ méjèèjì lórí máàpù ibùdó náà kí ẹ rí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ọ̀nà ilé yẹn máa ń ní yìnyín ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ. Ọ̀nà tó kọjú sí gúúsù máa ń dì gbagidi láàárọ̀, ó ń yọ́ di omi yìnyín lọ́sàn-án. Tí ibẹ̀ ò bá sì ga, wọ́n lè tì í pátápátá ní oṣù kẹta. Ẹ tún wo àwòrán láti ojú òfuurufú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Máàpù ski tí wọ́n ń yà jẹ́ àwòrán ẹwà lásán, kì í fi bí ibì kan ṣe jìnnà tó hàn, apá òkè rẹ̀ kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àríwá.

Tó bá jẹ́ ilé tó nílò bọ́ọ̀sì ni, ẹ bèèrè aago tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń lọ, àti bóyá ó máa ń kún láàárín aago mẹ́jọ àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Bọ́ọ̀sì tó bá kún kọjá kò ní dúró dè yín, kíláàsì náà ò ní dúró.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, mà. Ẹ má wá ilé ńlá kan ṣoṣo tó gba ẹni mẹ́sàn-án. Irú wọn ò pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń wà létí ìlú. Fúláàtì méjì nínú ilé kan náà tàbí ilé méjì tó kọjú síra ń fún yín láyè láti sún mọ́ àárín. Ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ jáde ní kùtùkùtù ò ní jí ọmọ, Màmá á lè sùn lọ́sàn-án. Ẹ jọ máa jẹun alẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ sì bèèrè yàrá ski tó ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ bàtà. Bàtà tó tutù láàárọ̀ ò ṣeé wọ̀, ọmọdé á sunkún ni. Tí ilé ò bá ní in, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń yá èèyàn ní ohun èlò máa ń bá èèyàn tọ́jú ski àti bàtà mọ́jú. Èyí tó bá wà lẹ́sẹ̀ gọ́ńdólà ni kí ẹ yá ti yín níbẹ̀. Ẹ ó wọ bàtà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó wọ̀ ọ́ padà wálé, 300 mítà ò sì ní jọ nǹkan kan mọ́. Bí bàtà àbúrò yín bá ń dùn ún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Olórí Ọ̀wọ́

Mo ti gbà. Avoriaz tàbí Moriond ló kù nínú ọkàn wa. Mo ti kọ̀wé sí àwọn onílé méjèèjì nípa àtẹ̀gùn àti lífìtì inú ilé torí Màmá. Ó ku ohun kan tó ń dààmú mi. Àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn ti ń sọ pé àwọn á dá lọ káàkiri òkè. Tí wọ́n bá lọ sí àfonífojì mìíràn ńkọ́?

Ọ̀nà Dúdú

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù nìyẹn lóòótọ́, ju ọ̀nà dúdú lọ. Lórí òkè ńlá tó so pọ̀, lífìtì ló so àfonífojì kan mọ́ èkejì, aago tí wọ́n ń ti èyí tó ń gbé èèyàn sọdá wà lára pátákó ìkéde tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní tí ọjọ́ kúrú. Tí atẹ́gùn bá le, wọ́n lè tì í láìdúró de aago. Ẹni tó bá há sí òdìkejì, takisí ló máa gbé e yí gbogbo òkè ká lójú títì. Ó lè gbà ju wákàtí kan lọ, ó sì wọ́n.

Ẹ fún wọn ní máàpù oníwèé, torí òtútù máa ń pa bátìrì fóònù. Ẹ kọ orúkọ ilé àti nọ́ńbà yín sẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn adóòlà orí òkè ibùdó náà. Kí wọ́n má pínyà. Ẹ ní kí wọ́n ka aago tó wà lára pátákó lífìtì ìsọdá kí wọ́n tó gùn ún láàárọ̀, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí yín, kí wọ́n sì ti sọdá padà sí ẹ̀gbẹ́ tiyín ní wákàtí kan gbáko kí aago náà tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa ṣeré lọ lórí òkè ilé títí lífìtì ìkẹyìn.